Àpótí Tó Mú Kí Ìròyìn Dúró De Bàbá Mi

Ìyá mi kò gbọ́ Faransé. Ó gbọ́ Ìṣà tí a ń sọ ní Bantè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá àwọn oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà wá ra kajú, ó sì gbọ́ Màhì tí í ṣe èdè ọkọ mi díẹ̀, ìwọ̀n tó fi lè bá ọkọ mi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé kò wọ̀ ọ́ létí rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Faransé ni wọ́n fi ń ka ìròyìn alẹ́ lórí tẹlifísọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá mi kì í sì í fi ìròyìn alẹ́ ṣeré. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀nà, nípa kajú tó ń gbìn, nípa òjò, nípa ẹni tí wọ́n yọ nípò àti ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Bàbá mi ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Télọ̀ ni bàbá mi. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń rán aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Faransé, lẹ́nu àwọn oníbàárà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí àwọn méjèèjì lórí ìjókòó kan náà ní pálọ̀, lẹ́yìn ìrun alẹ́. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ti sọ gbólóhùn kan, bàbá mi á sọ ọ́ ní Ìṣà, á sì fi tirẹ̀ kún un.

"Ó ní àwọn yóò tún ọ̀nà náà ṣe kí òjò tó dé. Kóòtù ọrùn rẹ̀ yẹn, apá rẹ̀ ti gùn jù. Ẹni tó rán an kò wọ̀n ọ́n."

Ìyá mi á ní, "Ẹ fi kóòtù sílẹ̀. Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà ti òkè ọ̀hún."

"Tiwa ńkọ́?"

"Kò dárúkọ tiwa."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn aládùúgbò tí kò ní tẹlifísọ̀n máa ń wá jókòó sórí ẹní nílẹ̀, àwọn náà á sì máa gbọ́ ìtumọ̀ náà. Nígbà tí mo lọ́kọ tí mo sì kó lọ sí Savalou, ìlú ọkọ mi, ohùn tí mo máa ń gbọ́ lọ́ọ̀ọ́kán bí mo bá pe ìyá mi lórí fóònù ní alẹ́ ni ohùn bàbá mi tó ń túmọ̀ ìròyìn.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbà kọlu bàbá mi, ó ń wọn èjìká oníbàárà kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Okùn ìwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní kí òun bẹ̀rẹ̀ mú un, ó ṣubú. Wọ́n gbé e wá sílé ìwòsàn ní Savalou, èmi àti ìyá mi la jọ dúró tì í. Ọlọ́run ṣàánú, kò kú. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ó mọ gbogbo wa, ó ń rántí gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wà nínú rẹ̀ digbí, a máa rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kó tó jáde lẹ́nu, á pẹ́. Oníṣègùn ní kí a máa bá a sọ̀rọ̀, kí a sì fún un láyè láti dáhùn.

A gbé e padà sí Bantè. Kò lè pẹ́ lórí ìjókòó, nítorí náà a ṣe yàrá tó wà lẹ́yìn ilé, tó sún mọ́ balùwẹ̀, ní yàrá rẹ̀. Tẹlifísọ̀n ńlá wà ní pálọ̀ lára ògiri. Ìyá mi fẹ́ kí a tú u lọ sí yàrá, bàbá mi kọ̀. Ó na ìka ọwọ́ òsì sí ọ̀nà pálọ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀, a dúró.

"Àwọn... ènìyàn," ó ní.

Ó yé ìyá mi kíá. Àwọn tó ń wá jókòó lórí ẹní ló ń sọ. Bí a bá gbé tẹlifísọ̀n kúrò, wọn kò ní wá mọ́, bàbá mi kò sì fẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí.

Ọkọ mi ní kí a ra tẹlifísọ̀n kékeré kan, kí a fa wáyà antẹ́nà gígùn kan láti pálọ̀ dé yàrá. Ohun tí a ṣe nìyẹn, a sì rò pé a ti ṣe é tán. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá mi jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó fa ìborí rẹ̀ sẹ́yìn kó lè gbọ́ dáadáa. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń kà á sọ nǹkan kan nípa ìdánwò ìparí ọdún ilé ìwé. Bàbá mi lanu.

"Ó ní... àwọn... ọmọ..."

Kó tó rí ọ̀rọ̀ tó kàn, wọ́n ti kúrò lórí ilé ìwé, wọ́n ti dé orí òwú. Ó pa ẹnu dé. Ó gbìyànjú ti òwú. Wọ́n ti dé orí bọ́ọ̀lù. Òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀. Ó wo ìyá mi, ó wò mí, ó ní, "Wọ́n ń... sáré."

"Ẹ máa wò ó lọ," ìyá mi ní. "Ẹ má dá ara yín lóró. Àwòrán náà ti tó mi."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá mi. Ó yí orí sí ògiri.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi kò ti bi í ní nǹkan kan mọ́ tí ìròyìn bá ń lọ, kó má baà ni í lára. Nígbà tó yá, kò jókòó síbẹ̀ mọ́. Á ní òun fẹ́ lọ wo iná, òun fẹ́ ká aṣọ. Nígbà tí mo tún lọ kí wọn, mo bá bàbá mi nìkan níwájú tẹlifísọ̀n kékeré náà. Ó ti pa ohùn rẹ̀. Àwòrán ń lọ, ilé dákẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó pa ohùn, ó kàn gbé èjìká òsì sókè díẹ̀, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀.

Mo gun alùpùpù mi padà sí Savalou lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi rí àwọn òkúta ńlá ẹ̀yìn ìlú Savalou.

Mo gbọ́dọ̀ sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Savalou tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe fọ́tòkópì, tí mo sì ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó dé ọwọ́ mi ni mo gbé wálé, tí mo sọ di ibi ìpamọ́ fún gbogbo ilé. Mo kó fídíò ìkómọ àwọn ọmọ wa sínú rẹ̀, mo kó eré tí wọ́n fẹ́ràn, mo sì kó orin ìjọ ọkọ mi. Ó wà ní igun kan, ó rọra ń kùn, ẹnikẹ́ni nínú ilé lè fi fóònù rẹ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, wifí ilé nìkan ti tó.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ mi ti ìjọ dé. Aláṣọ funfun ni, sùtánà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ìsìn kan tí mo ti pa mọ́ fún un, èmi ń gé ilá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi fi ìka kan fóònù, akọrin tó wà nínú fídíò dúró gbọn-in pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀. Ó lọ kí àlejò, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó padà wá, ó tún fi ìka kàn án, akọrin náà bá tirẹ̀ lọ láti ibi tó dúró sí.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

"Kí ló dé?" ọkọ mi bi mí.

"Ó dúró dè ọ́," mo ní.

"Ta ni?"

"Akọrin yẹn. Ó dúró dè ọ́ títí o fi ṣe tán."

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó pa fóònù, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá lè rí ohun tí yóò máa gba àwòrán láti orí antẹ́nà ní Bantè, tí yóò sì máa kó o sínú kọ̀ǹpútà ìpamọ́ bó ṣe ń wọlé, bàbá mi lè dá ìròyìn alẹ́ dúró kó tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Á sọ ọ́ tán, á tún jẹ́ kó máa lọ. Kò ní í sáré lé ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpótí tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Tyúnà ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Àpótí kékeré ni, kò tó bíríkì. A ó ki wáyà antẹ́nà bọ ẹ̀yìn rẹ̀, a ó ki òmíràn láti ibẹ̀ bọ àpótí wifí, òun náà á sì máa pín àwòrán fún gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ilé. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí a ń ki bọ inú kọ̀ǹpútà tààrà, ìyẹn kéré, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi á ní láti wà níbi tí wáyà antẹ́nà wà, ìyẹn ni pálọ̀, láàárín àwọn àlejò, àwọn ọmọdé á sì máa fẹsẹ̀ kọ wáyà rẹ̀. Mo fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ bàbá mi tó ti wà ní títì níwájú ilé, níbi tí kò ní í pariwo sí ẹnikẹ́ni létí. Nítorí náà, èyí tó ń gba inú wifí ló yẹ wá.

Àkókò yẹn bọ́ sí ìgbà ọdún iṣu tuntun ní Savalou, tí gbogbo ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi máa ń wálé. Àbúrò ọkọ mi ti Amẹ́ríkà dé. Ọkọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lórí fóònù kó tó wá, ó sì mú ọ̀kan wá fún wa, ó wé e sínú aṣọ rẹ̀ kó má baà fọ́. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi àti ọkọ mi gbé e lọ sí Bantè. A so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ní kó wá ìkànnì. Ó wá a, ó wá a, kò rí ẹyọ kan. A yí antẹ́nà padà, a pààrọ̀ wáyà. Kò rí nǹkan kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá bàbá mi, mo fi fóònù ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ìgbà náà ni mo tó rí i. Bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ lójú ọ̀run ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ara àpótí náà le, kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n èdè tí ó gbọ́ kọ́ ni antẹ́nà wa ń sọ.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi bẹ́ẹ̀. Ó wo àpótí náà, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún.

"Bíi... ìyá... rẹ," ó ní.

Ẹ̀rín ló ń rín. Ìyá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi! Èmi ni wọ́n fi wé àpótí!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá mi gbé oúnjẹ wá, ọkọ mi sì ń tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifísọ̀n Amẹ́ríkà. "Ẹ jókòó, àna mi," ìyá mi ní, "ẹ jẹ iṣu."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà ní Kútọnu tó ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀, mo máa ń ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i, mo ṣàlàyé, mo sì tẹnu mọ́ ọn pé irú èyí tó bá antẹ́nà Bẹ̀nẹ̀ mu ni mo fẹ́. Ó ní méjì wà lọ́wọ́ òun tó bá a mu.

Àkọ́kọ́ lẹ́wà. Ó dúdú, ó ń dán, ó lè gba ìkànnì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni mẹ́rin máa wo nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ètò tirẹ̀, ìyẹn áàpù, ló ń lò lórí fóònù, àwòrán inú ètò náà sì mọ́ gaara. Èkejì rí bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ìkànnì méjì péré ló ń gbà. Kò ní ètò ọ̀ṣọ́ kankan, ohun tó mọ̀ kò ju kí ó fi àwòrán lé ẹ̀rọ tó bá béèrè lọ́wọ́.

Ẹlẹ́wà ni ọkàn mi fà sí. Mo rò ó pé bàbá mi á máa wo tirẹ̀, ìyá mi á máa wo tirẹ̀, àwọn aládùúgbò á máa wo tiwọn. Mo ń fi àwòrán rẹ̀ han ọkọ mi lórí fóònù. Ilé ìwé kan náà ni a jọ lọ, nítorí náà a kì í fi ọ̀wọ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ nílé.

Ó bi mí pé, "Ẹni mélòó ló fẹ́ wo ìròyìn nínú yàrá yẹn?"

"Ẹni méjì."

"Ìròyìn mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Kí lo wá fẹ́ fi mẹ́rin ṣe?"

Mo ní, "Bí ìyá mi bá fẹ́ wo nǹkan mìíràn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà mọ̀ pé ìyá yín kò fẹ́ wo nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń bá a sọ ọ́ ló fẹ́."

Mo padà sọ́dọ̀ òǹtajà náà, mo béèrè ìbéèrè tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè: èwo ló máa gbà kí kọ̀ǹpútà mi dá ìròyìn dúró bó ṣe ń wọlé? Ó lọ wò ó, ó fi ohùn ránṣẹ́ padà. Ẹlẹ́wà kò ní gbà. Inú ètò tirẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn dá sí i. Bákan náà, bí a bá ti ń ṣí i, á kọ́kọ́ wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti mọ ẹni tó ni ín. Bí òjò bá sì ti ṣú ní Bantè, íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́kọ́ lọ. Ọlọ́ṣẹ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà mi mọ̀ ọ́n, ó lè gba àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a dúró, kó pa á mọ́, kó tún jẹ́ kó máa lọ. Iná tó sì ń lò kéré débi pé bátìrì sólà tó wà nílé bàbá mi lè gbé e.

"Ọlọ́ṣẹ ni kí ẹ fi ránṣẹ́," mo ní.

Ó ku ohun kan. Kọ̀ǹpútà ìpamọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú tyúnà, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ fi ilé wa sílẹ̀ lọ sí Bantè. Àwọn ọmọ ráhùn nítorí eré wọn. Mo kó fídíò ìkómọ wọn sínú ẹ̀rọ ìpamọ́ kékeré kan, mo sì bi ọkọ mi bóyá kí n yọ orin ìjọ rẹ̀ kúrò kí n tó gbé e lọ.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Bóyá bàbá á fẹ́ gbọ́ orin."

"Bàbá mi? Ẹni tó ti ń kírun kí wọ́n tó bí ọ?"

"Orin kì í pa ènìyàn."

Mo fi sílẹ̀. Ó ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lọ so ó, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, eruku pupa bo gbogbo òrùlé. Ọkọ mi gun òkè lọ yí antẹ́nà sí ibi tó yẹ. Ìyá mi dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà mú gírígírí, ó ń pariwo pé, "Àna mi, ẹ rọra o! Èdè Màhì tí mo gbọ́ kò tó èyí tí mo máa fi ṣàlàyé fún ìyá yín!" Èmi wà nínú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Mo ń wo fóònù, mo ń pariwo pé kó yí i sí apá òsì díẹ̀, kó yí i sẹ́yìn. Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó ti rí àwòrán lójú tẹlifísọ̀n kékeré kí n tó rí i lórí fóònù.

"Ó... dé," ó ní.

Àwọn ìkànnì wọlé lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo gbé rímóòtù fún un, mo fi bọ́tìnì tó ń dá àwòrán dúró hàn án. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀nà, ó ń tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú bọ́tìnì ẹ̀wù funfun kékeré kan wá láti inú àpótí ìránṣọ, ó ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀. Àtàǹpàkò bàbá mi bá a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọwọ́ tó ti di bọ́tìnì mú láti kékeré ni.

Nígbà tí ìròyìn alẹ́ bẹ̀rẹ̀, mínísítà kan ń sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́. "Ìròyìn... ìjọba?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mínísítà náà dúró pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lókè. Yàrá dákẹ́. Láti pálọ̀, níbi tí tẹlifísọ̀n ńlá ṣì so mọ́ antẹ́nà tààrà, a gbọ́ ohùn mínísítà kan náà tó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ fún àwọn aládùúgbò.

"Yéè!" ìyá mi ní. "Ẹ ti dá mínísítà dúró!"

Bàbá mi wo bọ́tìnì, ó wo mínísítà. Ó fara balẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tó ń lé e.

"Ó ní... àwọn yóò... gbẹ́... kànga." Ó mí. "Ní... abúlé... tó... jìnnà."

"Abúlé wo?" ìyá mi béèrè. Mo rí i pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń kó ìbéèrè yẹn mọ́ra. Ó sún mọ́ ọn lórí ibùsùn, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè.

"Kò... tíì... dárúkọ."

"Ẹ jẹ́ kó dárúkọ, ká gbọ́."

Ó tẹ bọ́tìnì. Mínísítà sọ ọwọ́ sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Bàbá mi tún dá a dúró.

Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ọkọ mi ń fọ eruku òrùlé kúrò lẹ́sẹ̀. Ó rí ojú mi, ó gbé ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi.

Ìròyìn alẹ́ ọjọ́ náà pẹ́ púpọ̀ kó tó parí nínú yàrá náà. Àwọn ti pálọ̀ ti wo tiwọn tán, wọ́n ti wo eré, wọ́n ti kí wa pé ó dàárọ̀, bàbá mi ṣì wà lórí òwú.

Nǹkan kò yí padà lọ́jọ́ kan. Àwọn ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ kò jáde rárá, tí inú á sì bí i, á ju rímóòtù sórí ibùsùn. Ìyá mi á mú un, á gbé e padà sí ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Wọ́n ń dúró dè yín. Wọn kò níbi tí wọ́n ń lọ." Ìgbà kan wà tí iná lọ, tí bátìrì náà sì tán, tí wọ́n lo ọjọ́ mélòó kan láìwo nǹkan. Ṣùgbọ́n oníṣègùn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Savalou sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já gaara ju bí òun ṣe rò lọ, ó sì bi mí pé ta ló ń bá a ṣe ìdárayá ẹnu. Mo ní ìjọba ni. Ó rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ fi pálọ̀ sílẹ̀ wá sí yàrá. Ó ní òun fẹ́ kí bàbá mi ni. Ó jókòó. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ìròyìn ti pálọ̀ ń lọ, àwọn kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀gbà ti kọlu bàbá, àwòrán nìkan ni àwọn ń wò. Ìyá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n fá irùngbọ̀n òun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, mo bá wọn lẹ́nu àríyànjiyàn. Ẹni tó ń ka ìròyìn ti sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan tó jẹ mọ́ bí a ṣe ń pààlà ilẹ̀ oko. Bàbá mi dá a dúró, ó sì fi Ìṣà sọ ọ́. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn ara abúlé Koko tó ni oko tó bá oko kajú òun pààlà ṣe ń pè é.

"Kí ni... wọ́n ń pè é?"

Ó sọ ọ́. Bàbá mi ní ìyẹn kì í ṣe Ìṣà, Màhì ni. Ìyá mi ní láti ìgbà wo ni télọ̀ ti mọ̀ nípa oko. Bàbá mi ní bàbá òun ní oko. Ìyá mi ní oko wo, èyí tí èpò ti bò? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó ni oko lójú ọ̀nà yẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, ẹni tó ti kú, ẹni tó kó lọ, ẹni tó fi iṣu ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí wọ́n bí mi. Bàbá mi ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń lọ. Ìyá mi ń dúró dè é, kò gba ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀.

Lójú tẹlifísọ̀n, ẹni tó ń ka ìròyìn ṣì lanu sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́ jù, ojú tẹlifísọ̀n náà ṣókùnkùn fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣàkíyèsí nínú àwọn méjèèjì. Mo rọra gbé àga mi sún mọ́ ibùsùn, mo ń gbọ́.